Igi Òpópónà Sheffield: Bí Ìwé Àdéhùn Kan Ṣe Gba Ìpinnu Lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú

Láàárín ọdún 2012 sí 2018, Ìgbìmọ̀ Ìlú Sheffield, tó ń ṣàkóso ọ̀kan lára àwọn ìlú ńláńlá ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé nǹkan bí 5,600 igi tó wà létí òpópónà. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú níbi gbogbo máa ń ṣe ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń tún títì ṣe, wọ́n ń pààrọ̀ iná òpópónà, wọ́n ń tẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí àgbàlagbà má baà fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò kó ṣubú, wọ́n sì ń mú igi tó bá dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kúrò. Kò sí ẹni tó lè rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kó ọlọ́pàá dé ẹnu ọ̀nà ará ìlú, pé yóò gbé ìgbìmọ̀ ìlú lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga, tàbí pé yóò kópa nínú yíyí ètò ìṣàkóso ìlú náà padà. Gbogbo rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Òwúrọ̀ kan tí wọ́n gé igi nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí tí a bá dárúkọ ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó ti bàjẹ́ tipẹ́ ṣáájú òwúrọ̀ náà, nínú ìwé àdéhùn tí ará ìlú kò rí gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kà títí nǹkan bí ọdún mẹ́fà fi kọjá.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ìṣòro tó wà nílẹ̀. Igi òpópónà Sheffield nìkan, láìka ti ọgbà ìtura àti ti inú igbó mọ́ ọn, tó nǹkan bí 36,000. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti gbin púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì gba ìgboro, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró ni wọ́n sì gbìn wọ́n sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gbòǹgbò gbé ilẹ̀ tí a tẹ́ sókè, ìdí igi tóbi débi pé ó ti òkúta tí a tò sí bèbè títì kúrò ní ipò rẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí títì kí ó tó lè rí ibi gbà kọjá. Abala 41 nínú òfin Highways Act ti ọdún 1980 sọ ọ́ di dandan pé kí aláṣẹ ọ̀nà máa tọ́jú ọ̀nà tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú níbi tí wọn kò tọ́jú lè pe ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́jọ́, kí ó sì gba owó gbà-má-bínú. Títì ìlú náà fúnra rẹ̀ ti gbó, owó tó wà lápò ìgbìmọ̀ ìlú lọ́dọọdún kò sì lè tún un ṣe tán láéláé.

Ní ọdún 2006 sí 2007, wọ́n gbé iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ nípa igi pé kí wọ́n wo igi òpópónà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 1,000 ni ìwádìí náà sọ pé ó yẹ kí wọ́n gé. Nǹkan bí 10,000 sì nílò ìtọ́jú kan tàbí òmíràn. Ìwádìí náà tún sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti dàgbà tán, tàbí pé ó ti kọjá ìgbà tó ń dàgbà. Ó ṣe pàtàkì kí a dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àṣìlóye rẹ̀ dá wàhálà púpọ̀ sílẹ̀. Igi tó ti dàgbà tán kì í ṣe igi tó ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ irú igi tó wà ní òpópónà Sheffield lè fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún dúró lẹ́yìn tó bá ti dàgbà dé góńgó, àkókò náà gan-an ni ewé rẹ̀ sì ń gba eruku àti èéfín ọkọ̀ jù, tí òjìji rẹ̀ ń tu ilẹ̀ lára jù, tí ẹyẹ àti kòkòrò ń gbé orí rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ètò owó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í wo ewé. Gbèsè tí yóò dé lọ́jọ́ iwájú ni ó rí nínú igi àgbà, ó sì rọrùn fún un láti parí èrò sí pé kí wọ́n tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni 1,000 tí àwọn onímọ̀ dárúkọ ṣe di 17,500 nígbà tí ètò náà yóò fi dé orí ìwé àdéhùn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo igi òpópónà tó wà nílùú.

Ọdún 2012 ni ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí àdéhùn náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń jẹ́ Amey. Wọ́n pe ètò náà ní Streets Ahead. Ọdún 25 ni yóò fi wà, owó rẹ̀ lápapọ̀ sì tó bílíọ̀nù méjì ó lé igba mílíọ̀nù pọ́n-ùn. PFI ni wọ́n ń pe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ilé-iṣẹ́ aládàáni ni yóò wá owó tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ìjọba yóò sì máa san owó náà padà díẹ̀díẹ̀ títí ọdún àdéhùn yóò fi pé. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ran ìlú lọ́wọ́ nínú owó náà, ó sì dá mi lójú pé láìsí ìrànlọ́wọ́ yẹn, ìgbìmọ̀ ìlú kò ní rí ọ̀nà kankan tún títì wọn ṣe. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kò sì fi ìwà jìbìtì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fara sin nínú irú ètò yìí ni bí ó ṣe ń pín ewu. Láti ọjọ́ tí Amey ti gba iṣẹ́, òun ni yóò máa tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe bí gbòǹgbò bá tún gbé e sókè ní ọdún kẹwàá tàbí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Igi kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò lè gbé nǹkan kan sókè fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá wá fi ìpinnu lórí igi àgbà síwájú ẹni tí owó àtúnṣe yóò ti àpò rẹ̀ jáde, a kò nílò kí ẹni náà jẹ́ ènìyàn burúkú kí ó tó yan ayùn. Ìṣirò lásán ti yàn án fún un. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí kò bá sí nínú àdéhùn, àwọn ni yóò sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ń gé owó rẹ̀ kù lọ́dọọdún ní àkókò náà kò ní owó ọ̀tọ̀ kankan.

Ìlànà tí wọ́n fi ń yan igi tí wọn yóò gé ni wọ́n ń pè ní 6D, nítorí lẹ́tà D ni orúkọ ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Igi tó léwu, igi tó ti kú, igi tó ń kú lọ, igi tí àrùn ń ṣe, igi tó ń ba ọ̀nà jẹ́, àti igi tó ń dí àwọn kan lọ́nà, bí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Kò sí ará ìlú tó bá wọn jà lórí mẹ́rin àkọ́kọ́. Igi tó ti kú kò ní olùgbèjà, igi tí ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́ wó lu ọmọ ilé ìwé kò ní olùgbèjà. Orí ẹ̀ka karùn-ún, igi tó ń ba ọ̀nà jẹ́, ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí igi tó gbé òkúta bèbè títì sókè díẹ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́, èyí tó fọ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yángá náà ń ba ọ̀nà jẹ́, ìlànà náà kò sì sọ bí ìbàjẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bí wọ́n bá fẹ́, igi tí ara rẹ̀ le koko lè bọ́ sábẹ́ ẹ̀ka yìí. Ọ̀pọ̀ ló sì bọ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ ìlú ní ìdáhùn sí ẹ̀hónú yìí. Wọ́n ní gígé ni ohun ìkẹyìn, pé ọ̀nà ìmọ̀-ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ni àwọn máa ń gbé yẹ̀ wò kí àwọn tó gé igi kan: kí wọ́n lo òkúta bèbè tó tín-ín-rín, kí wọ́n fi ohun tó lè tẹ̀ tẹ́ ìdí igi dípò ọ̀dà líle, kí wọ́n sún bèbè síwájú díẹ̀, kí wọ́n gé gbòǹgbò kan ṣoṣo tó ń fa wàhálà, àti irú bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ọdún márùn-ún tí wọ́n gbé jáde. Lórí ìwé, ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó wáyé lẹ́yìn fi hàn pé díẹ̀ nínú ọ̀nà mẹ́rìnlá náà ni wọ́n lè lò láìsan owó kún ti àdéhùn, àti pé ìwé náà kò sọ òtítọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an. Ará ìlú tó bá jókòó tó ka ìwé náà yóò gbà pé wọ́n ti gbìyànjú ohun gbogbo kí wọ́n tó gé igi iwájú ilé òun, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun gbogbo ni wọ́n gbìyànjú.

Nígbà tí ètò gígé igi kan Rustlings Road, òpópónà kan nílùú náà, ní ọdún 2015, àwọn ará àdúgbò náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó lé ní 10,000 ènìyàn fọwọ́ sí. Lábẹ́ ìlànà, ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú jíròrò, wọ́n sì jíròrò rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ìta gbangba lórí igi, àwọn onímọ̀ àti ará ìlú sọ̀rọ̀, ìpàdé náà kò sì tó nǹkan tí kò fi wáyé mọ́. Ní òpin ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò, nítorí òun ló ṣe àfihàn ọ̀ràn náà jù.

Wọn yóò kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé tó wà ní òpópónà tí wọ́n fẹ́ ti gé igi. Bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn tó fèsì bá ní àwọn kò fẹ́, ọ̀ràn òpópónà náà yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olómìnira kan tí wọ́n yàn láti gbà wọ́n nímọ̀ràn, tí onímọ̀ nípa igi, onímọ̀ ẹ̀rọ àti agbẹjọ́rò wà nínú rẹ̀. Àwọn yẹn yóò wo igi kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kọ ìmọ̀ràn wọn ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ni yóò wá pinnu. Bí a bá wo ètò yìí láìmọ ohun tó wà nínú àdéhùn, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ń ṣe lọ. Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn náà ṣiṣẹ́ wọn tọkàntọkàn, wọ́n sọ níbi púpọ̀ pé igi lè dúró bí wọ́n bá lo ọ̀nà báyìí báyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn pé kí wọ́n dá igi sí ni ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀. Ìdí tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé owó kò sí. Ẹni tó ti gba owó ọjà lọ́wọ́ oníbàárà kan kò tún lè máa bá ẹlòmíràn dúnàá-dúrà lórí ọjà kan náà; ohun tí wọ́n sì ń ṣe pẹ̀lú lẹ́tà àti ìgbìmọ̀ olómìnira náà nìyẹn, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Àwọn tó fèsì sí lẹ́tà kò mọ̀ pé igi tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ti wà nínú iye kan tí àdéhùn ti là kalẹ̀. Ìwádìí lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn olùgbani-nímọ̀ràn pàápàá kò mọ ohun tí àdéhùn gbà láàyè àti ohun tí kò gbà.

Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Ará ìlú kan gba àṣẹ tó dá gígé igi dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kejì, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin, Adájọ́ Gilbart ti Ilé-ẹjọ́ Gíga kọ̀ láti jẹ́ kí ẹjọ́ náà tẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀nà ni gígé igi tó ń ba ọ̀nà jẹ́, òfin sì ti gbé iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀nà lé aláṣẹ ọ̀nà lọ́wọ́. Ìpinnu adájọ́ yìí bá òfin mu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ohun tó yẹ ká rántí ni pé ìwé ètò ọdún márùn-ún tí mo mẹ́nu kàn lókè wà lára ohun tí wọ́n kó síwájú ilé-ẹjọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n borí ní ilé-ẹjọ́, ìgbìmọ̀ ìlú fi àáké kọ́rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ṣáájú aago márùn-ún òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá dé Rustlings Road. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n jí àwọn ènìyàn lójú oorun pé kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ wọn kúrò, wọ́n sì gé igi mẹ́jọ. Ìmọ̀ràn àwọn olùgbani-nímọ̀ràn, tó sọ pé púpọ̀ nínú igi náà lè dúró, jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ kan náà, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n mú ènìyàn mẹ́ta, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, tí ọjọ́ orí wọn ti tó àádọ́rin ọdún. Òfin tí wọ́n fi mú wọn jẹ́ òfin ọdún 1992 lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe nítorí ìyanṣẹ́lódì, pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fagi lé ọ̀ràn àwọn obìnrin náà nígbẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ ìlú tọrọ àforíjì lórí àkókò tí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ rẹ̀ lórí igi. Nick Clegg, tó jẹ́ aṣojú agbègbè náà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó sì ti jẹ́ igbákejì olórí ìjọba rí, sọ̀rọ̀ líle sí wọn. Ìwé ìròyìn gbogbo orílẹ̀-èdè gbé e.

Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó jẹ́ ọ̀ràn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ di ọ̀ràn ta-ni-yóò-kọ́kọ́-juwọ́-sílẹ̀. Àwọn ará ìlú ń lọ dúró sábẹ́ igi, nítorí òfin ààbò ẹnu iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gé igi tí ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Adájọ́ Males fún ìgbìmọ̀ ìlú ní àṣẹ tó ka wíwọ inú ọgbà ààbò tí wọ́n bá ṣe yí igi ká léèwọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbé Alison Teal, káńsílọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Green, lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ó tẹ àṣẹ náà lójú, tí ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e. Ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú tó ń wá bí ọ̀kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ yóò ṣe fi ẹ̀wọ̀n jura nítorí igi etí títì, mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹnìkan ti dìde nínú yàrá ìpàdé kí ó béèrè pé kí ni a ń lé gan-an. Àwọn mìíràn jẹ̀bi ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ sì fún wọn ní ẹ̀wọ̀n tí wọn kò ní lọ àfi bí wọ́n bá tún ṣẹ̀. Ní oṣù Kejì àti Kẹta ọdún yẹn, ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé àwọn agégi lọ́jọ́ kan lè lé ní ọgbọ̀n.

Oṣù Kẹta náà ni gbólóhùn inú àdéhùn bọ́ sójú táyé. Àwọn ará ìlú ti ń fi òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn béèrè àdéhùn náà fún ìgbà pípẹ́, apá púpọ̀ tí wọ́n sì rí gbà ni wọ́n ti fi dúdú bò. Nígbà tí ìbòrí náà ṣí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé agbaṣẹ́ṣe yóò máa pààrọ̀ igi tí kò dín ní 200 lọ́dọọdún, kí ó lè pààrọ̀ 17,500 kí ọdún àdéhùn tó pé. Ìgbìmọ̀ ìlú sọ pé kì í ṣe iye tí àwọn ń lépa, pé ìdánilójú lásán ni lórí owó. Ó ṣeé ṣe kí agbẹjọ́rò gba àlàyé yìí. Ẹni tó ti dúró sábẹ́ igi láàárín òtútù, tí wọ́n ti ń sọ fún un láti ọdún mẹ́ta pé igi kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń gbé yẹ̀ wò lórí ohun tó ń ṣe é, kò gbà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2018, wọ́n dá iṣẹ́ gígé igi dúró.

Ìjíròrò tó tẹ̀lé e, tí Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Sheffield bá wọn ṣe alárinà rẹ̀, kò ní ariwo, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni a ti rí ohun tó ṣeé ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Aṣojú ìgbìmọ̀ ìlú, ti Amey àti ti àwọn ará ìlú jùmọ̀ ń lọ wo igi tó kù lórí ìwé gígé. Wọ́n ń wọn bèbè, wọ́n ń wo gbòǹgbò, wọ́n ń béèrè bóyá gígé díẹ̀ kúrò lára òkúta bèbè tó wà níbẹ̀ yóò tó. Ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ti sọ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ fún ni wọ́n rí ọ̀nà àbáyọ fún, àwọn kan kò sì gba owó tó bẹ́ẹ̀. Igi elm kan wà ní Chelsea Road tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gígé. Àrùn elm ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye irú igi bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtìkó, èyí yè é, irú labalábá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́ sì ń yé sórí rẹ̀. Ó ti gba ipò kejì nínú ìdíje igi tó peregedé jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2016. Ó ṣì dúró. Ní Western Road, igi tí wọ́n gbìn ní ọdún 1919 ní ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé kan tí wọ́n kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ni ìgbìmọ̀ ìlú ti dìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 láti gé púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn yẹn náà bọ́ lọ́wọ́ ayùn.

Àtubọ̀tán rẹ̀ kò mọ sórí igi. Àwọn ará ìlú kan, tí ọ̀ràn igi wà lára ohun tó bí wọn nínú, bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bí ìwọ̀nba káńsílọ̀ díẹ̀ ṣe lè máa pinnu fún ìlú nígbà tí àwọn yòókù nínú káńsílọ̀ 84 tó wà nílùú kò ní ju kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ti pinnu. Wọ́n kó ìfọwọ́sí jọ títí ó fi tó ohun tí òfin béèrè, wọ́n sì dìbò lé e lórí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé kí wọ́n padà sí ètò tí ìgbìmọ̀ kéékèèké tí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú wà nínú rẹ̀ yóò ti máa ṣe ìpinnu. Nínú ìdìbò ọjọ́ kan náà, ẹgbẹ́ Labour pàdánù ọ̀pọ̀ ìjókòó tó fi ń dá ṣe ìjọba ìlú náà.

Sir Mark Lowcock, tó ti jẹ́ olórí ètò ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni ó ṣe alága ìwádìí olómìnira tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ìwádìí náà kò rí ẹni tó jí owó, kò sì rí ẹni tó gba rìbá. Ohun tó rí ni ètò tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dára láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ 17,500 igi, àwọn olórí tó kọ etí ikún nígbà tí àmì ń yọ pé nǹkan kò lọ dáadáa, àti ọ̀rọ̀ tó ṣi ará ìlú, ìgbìmọ̀ olómìnira àti ilé-ẹjọ́ lọ́nà. Nínú gbogbo rẹ̀, ti ilé-ẹjọ́ ni mo kà sí èyí tó wúwo jù. Ìgbìmọ̀ ìlú lè ṣe ìpinnu tí kò dára lórí igi, kí ará ìlú sì fi ìbò lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá gba ìwé lọ́wọ́ aláṣẹ tó gbà pé òtítọ́ ni, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ará ìlú kò ní ibòmíràn tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó gbèjà igi kì í fẹ́ gbọ́, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn ènìyàn kan ń ṣubú lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tàbí pé aláàbọ̀ ara kò lè kọjá níbì kan. Ọ̀pọ̀ nínú igi tí wọ́n gé ni ó yẹ kí wọ́n gé, títì Sheffield sì dára lónìí ju ti ọdún 2012 lọ. Bí wọ́n bá ti gbé àdéhùn náà síta láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ pé owó tí a ní nìyí, pé bí a bá dá igi yìí sí, a ó gbọ́dọ̀ yọ owó rẹ̀ nínú iṣẹ́ tọ̀hún, ìjà yóò wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà orí owó ni yóò jẹ́, irú èyí tí gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú.

Ètò tí wọ́n ń lò báyìí lórí igi òpópónà ni ìgbìmọ̀ ìlú, Amey, àwọn tó ti ń bá wọn jà àti ẹgbẹ́ Woodland Trust tó ń dáàbò bo igi jùmọ̀ kọ, ó sì ka gígé igi tí ara rẹ̀ le sí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó ṣe é. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú kọ ìwé àforíjì tó kún rẹ́rẹ́ sí ará ìlú, wọ́n sì jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé àwọn ṣi ilé-ẹjọ́ lọ́nà. Àdéhùn tí wọ́n bá Amey ṣe ṣì ń bá a lọ; ọdún 2037 ni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà yóò pé.